Ìgbàtọ́ àti Ìsọdọmọ Lábẹ́ Òfin: Ohun tí ó yẹ kí Olùkọ́ Mọ̀ ní Alápẹ̀rẹ̀

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú kan ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Ní Alápẹ̀rẹ̀, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kòṣọ́fẹ́, Ìpínlẹ̀ Èkó, kò ṣàjèjì kí ìyá àgbà, ẹ̀gbọ́n ìyá tàbí àbúrò bàbá máa tọ́ ọmọ tí kì í ṣe òun ni ó bí i. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó ṣàlàyé ibi tí òfin gbé irú ìdílé bẹ́ẹ̀ sí, nítorí pé ìgbàtọ́ yàtọ̀ sí ìsọdọmọ.

Ìgbàtọ́ nínú Àṣà

Bí a bá fa ọmọ lé ìbátan lọ́wọ́, okùn tí ó so ọmọ náà mọ́ òbí tí ó bí i kò já. Òbí lè padà wá mú un. Bí alágbàtọ́ bá sì kú láìṣe ìwé ìhágún, tí ogún rẹ̀ sì wà lábẹ́ àṣà, àwọn ọmọ tí ó bí ni yóò jogún. Nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, èyí tí ilé-ẹjọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù dá ní 1962, a fìdí ìdí-igi múlẹ̀, èyíinì ni pínpín ogún ní ìyá-ní-ìyá. Ọmọ tí a kàn gbà tọ́ kò ní ìdí-igi kankan níbẹ̀. Ó lè ti gbé inú ilé náà fún ọdún mẹ́wàá, kí mọ̀lẹ́bí sì ní kí ó kó ẹrù rẹ̀ jáde.

Ìsọdọmọ

Èkó ti ní òfin ìsọdọmọ láti 1968. Ìjọba àpapọ̀ ṣe Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ní 2003. Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2007. Lábẹ́ òfin 2003, tọkọtaya tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ti pé ọdún 25 lè sọ ọmọ di tiwọn. Ẹni tí kò ní ọkọ tàbí aya gbọ́dọ̀ pé 35, kí òun àti ọmọ sì jẹ́ akọ sí akọ tàbí abo sí abo. Ó gbọ́dọ̀ fi ọdún 21, ó kéré tán, ju ọmọ náà lọ. Òbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, àfi bí wọ́n bá ti pa ọmọ tì. Bí Ilé-ẹjọ́ Ẹbí bá ti pàṣẹ, ẹ̀tọ́ òbí àkọ́kọ́ parí. Ọmọ náà di ọmọ inú ilé, ó sì ní ẹ̀tọ́ sí ogún. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ra ọmọ tàbí tà á: ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni.

Ọ̀nà Àárín

Kì í ṣe gbogbo ẹbí ni ó fẹ́ gé okùn ìbí. Òbí lè fi ìwé ìhágún yan ẹni tí yóò tọ́jú ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ikú òun. Alágbàtọ́ náà lè fi ìwé ìhágún pín ọmọ tí ó gbà tọ́ ní nǹkan. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin 2002, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìparí 2005, fún ìbátan láǹfààní láti gba àṣẹ ìtọ́jú ọmọ títí yóò fi pé ọdún 18 láìjá okùn òbí; ìjọba ìbílẹ̀ sì lè fún wọn ní owó ìrànwọ́. Ní tiwa, òfin 2003 gbé e lé ìjọba ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ láti dáàbò bo ọmọ tí ó wà nínú àìní, kí ó sì ran ìdílé rẹ̀ lọ́wọ́. Òṣìṣẹ́ àbójútó àwùjọ, tí aráàlú ń pè ní wẹ́fíà, ni a ó kọ́kọ́ tọ̀ lọ.

Ojúṣe Olùkọ́

Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti 2004 sọ ẹ̀kọ́ náà di ọ̀fẹ́ àti dandan fún gbogbo ọmọ. Nítorí náà, kò yẹ kí a lé ọmọ nítorí pé kì í ṣe òbí rẹ̀ ni ó mú un wá forúkọ sílẹ̀. Kí olùkọ́ kọ orúkọ alágbàtọ́ àti ti òbí sínú ìwé, kí ó má pe ọmọ náà ní ọmọ ọ̀dọ̀ lójú ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó sì tètè sọ fún ọ̀gá ilé-ìwé bí ó bá rí àmì ìyà lára rẹ̀.

Ìkádìí

Inú rere ni ó ń gba ọmọ wọlé, ṣùgbọ́n ìwé ni ó ń dáàbò bò ó lọ́jọ́ tí alágbàtọ́ kò bá sí mọ́. Kí olùkọ́ gba alágbàtọ́ níyànjú láti ṣe ìwé náà nígbà tí ara ṣì le.