Ohun Tó Ń Mú Ẹ̀rọ Léfòó Nínú Ibú Òkun

Ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside, nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, bá òkun Àtìláńtíìkì pààlà. Ohun tó wà nínú ibú náà kàn wá, ó sì yẹ ká mọ ẹni tí iṣẹ́ ìwádìí ibẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. NIOMR ni, ilé ìwádìí òkun tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 1975, tó fìdí kalẹ̀ sí Victoria Island l'Ékòó. Lọ́dún 2023, ìjọba tún dá iléeṣẹ́ mínísírì sílẹ̀ fún ọrọ̀ ajé orí omi.

Àmọ́ ibú òkun kọjá agbára òmùwẹ̀. Ní Bonga, oko epo rọ̀bì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2005, tó jìn tó kìlómítà 120 sí etíkun Niger Delta, omi jìn ju mítà 1,000 lọ. Ẹ̀rọ ló ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀ irú omi bẹ́ẹ̀. Inú ọkọ̀ lókè ni awakọ̀ rẹ̀ ti ń darí rẹ̀.

Irin àti mọ́tò ara ẹ̀rọ náà wúwo. Bí àwọn apẹja ṣe ń so ohun fúyẹ́ mọ́ àwọ̀n kó má baà rì, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ náà nílò ohun tí yóò mú un léfòó. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ní gbogbo mítà 10 tí a bá tún wọ inú omi sí i, agbára tí omi fi ń fún nǹkan ń pọ̀ sí i, títí tí ohun fúyẹ́ lásán yóò fi fọ́ pátápátá. Fóòmù líle tí wọ́n po gíláàsì wẹ́wẹ́ tó ṣófo nínú mọ́ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ń lò. Fún ibi tó jìn jù, wọ́n ń lo bọ́ọ̀lù sẹ̀rámíìkì tó ṣófo nínú, tí wọ́n fi èròjà kan tó ń jẹ́ alumina ṣe. Èyí tó fẹ̀ ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 9 kò wúwo ju gíráàmù 140 lọ, omi tó ń tì kúrò nípò sì tó gíráàmù 400. Ìyàtọ̀ yẹn ló ń gbé ẹ̀rọ.

Nereus, ẹ̀rọ àwọn Amẹ́ríkà, ru irú bọ́ọ̀lù yìí bíi 1,500 nígbà tó dé ìsàlẹ̀ Challenger Deep, ibi tó jìn jù lọ nínú òkun, ní mítà 10,902, ní oṣù Karùn-ún 2009. Ní oṣù Karùn-ún 2014, ó ṣègbé sínú òkun nítòsí New Zealand, ní nǹkan bíi mítà 9,900. Àwọn onímọ̀ gbà pé agbára omi ló ṣeé ṣe kó fọ́ ọ. Bí bọ́ọ̀lù kan bá fọ́, ó lè fọ́ àwọn tó yí i ká; ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dán wọn wò kí wọ́n tó lò wọ́n.

Bí a bá fẹ́ máa ṣe irú bọ́ọ̀lù yìí nílé, ilé ìwádìí òkun kò lè dá iṣẹ́ náà ṣe. Kí àwọn tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ sẹ̀rámíìkì ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga wa àti àwọn onímọ̀ òkun jọ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdánwò ohun kékeré. Òfin 2010 tó fún ọmọ Nàìjíríà láǹfààní nínú iṣẹ́ epo ti ṣílẹ̀kùn; ìmọ̀ ló yẹ ká gbé wọlé.