Omi Àmujù fún Eléré Ìje

Omi dára. Ẹni tí ó bá ń làágùn gbọ́dọ̀ mu omi. Ṣùgbọ́n ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé omi àmujù lè pa ènìyàn?

Ẹ wo ìkòkò ọbẹ̀. Bí ẹ bá ń da omi sí i láìfi iyọ̀ kún un, ọbẹ̀ náà yóò tẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ wa rí. Iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Bí ènìyàn bá ń sáré fún wákàtí mẹ́rin tàbí márùn-ún, tí ó sì ń mu omi láìdúró, ara rẹ̀ kò ní lè tọ gbogbo rẹ̀ síta. Omi yóò pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Omi náà yóò wọ inú ọpọlọ, ọpọlọ yóò sì wú. Orí yóò máa fọ́ ọ, yóò máa bì, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò dàrú. Gìrì lè mú un, ó sì lè kú.

Ní ọdún 2002, wọ́n sá eré ìje kìlómítà 42 ní ìlú Boston, ní Amẹ́ríkà. Àwọn oníṣègùn yẹ ẹ̀jẹ̀ sárésáré 488 wò. Iyọ̀ ti dín kù nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn 62. Àwọn mẹ́ta wà nínú ewu ńlá. Ó pọ̀ jù lọ lára àwọn tí wọ́n wúwo sí i nígbà tí wọ́n sáré tán. Omi tí wọ́n mu ti pọ̀ ju òógùn tí wọ́n là lọ.

Kí ni kí á ṣe? Bí òùngbẹ bá ń gbẹ yín, ẹ mu omi. Bí òùngbẹ bá ti tán, ẹ dúró. Bí ọ̀rọ̀ sárésáré bá dàrú, ẹ má ṣe fi ipá fún un ní omi. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, kí ẹ sì sọ bí omi tí ó mu ti pọ̀ tó.