Ṣé O Mọ̀? Mọ́ṣáláṣí Tó Jọ Ṣọ́ọ̀ṣì

Ṣé o mọ̀ pé ará Ita-Djèbou tó bá gba Sakété wọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), tó rí Mọ́ṣáláṣí Ńlá ibẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, lè máa retí kí aago ṣọ́ọ̀ṣì dún? Ilé gogoro méjì ló dúró níwájú rẹ̀, àwọ̀ oríṣiríṣi ni wọ́n fi kùn ún, ọnà sì pọ̀ lára ògiri rẹ̀. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì Bahia ní Bùràsíìlì ni wọ́n wò kọ́ ọ. Ọdún 1912 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ó sì lé lọ́dún mẹ́wàá kó tó parí.

Àwọn Àgùdà ló gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ wá: àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí òkè òkun, àti ọmọ wọn, tí wọ́n kọ́ṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà lọ́hùn-ún kí wọ́n tó padà wálé. Àwọn kan ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan ń kírun. Ní oṣù Kìíní ọdún 1835 làwọn Mùsùlùmí, tí Yorùbá pọ̀ jù nínú wọn, dìde ogun sí àwọn aláṣẹ Bahia. Nígbà tí ọwọ́ tẹ̀ wọ́n, ìjọba lé ọ̀pọ̀ padà sí ilẹ̀ adúláwọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé Lárúbáwá wà lára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì Lapinha ní Bahia kan náà? Ọ̀rọ̀ Bíbélì sì ni o, ohun tí Jékọ́bù sọ nípa ilé Ọlọ́run nígbà tó jí lójú oorun. Manoel Friandes, ọ̀gá mọlémọlé aláwọ̀ dúdú, ló ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn kan ní Mùsùlùmí ni.

L'Ékòó ńkọ́? João Baptista da Costa, Àgùdà, ló kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1894. Sultan Tọ́kì rán Abdullah Quilliam, òyìnbó Liverpool tó gba Ìsìláàmù, wá síbẹ̀, ó sì fi Mohammed Shitta, tó náwó kọ́ mọ́ṣáláṣí náà, jẹ oyè Bey. Àwọn Àgùdà náà ló kọ́ Kàtídírà Holy Cross àtijọ́. Bíríkìlà kì í bi ògiri léèrè ẹ̀sìn.

Àdàlù iṣẹ́ ọnà Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì yìí ti pẹ́ ní ilẹ̀ òyìnbó. Ní Sevilla, lórílẹ̀-èdè Sípéènì, ilé gogoro tí ládáànì ń gùn pe ìrun, tí wọ́n parí ní 1198, ló di ilé aago kàtídírà. Àtẹ̀gùn inú rẹ̀ kò pọ̀. Ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ní torí kí ládáànì lè gẹṣin gòkè ni.

Ààfin Alcázar wà nítòsí ibẹ̀. Ọba Pedro, Kìrìsìtẹ́nì pọ́ńbélé, kọ́ tirẹ̀ síbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1364, ó sì ní káwọn oníṣẹ́ ọnà Mùsùlùmí ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́. Lára ògiri náà, ní èdè Lárúbáwá, Sultan ni wọ́n pe Pedro.