Lẹ́tà "s" Kan Ṣoṣo: Òótọ́ àti Irọ́ Nípa Fóònù Olówó Pọ́ọ́kú

Láti ọdún 2024, òfin Nàìjíríà ní owó oṣù òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ dín ní ₦70,000. Fóònù tuntun tí wọ́n ń pè ní olówó pọ́ọ́kú ní Computer Village, Ìkẹjà, lè gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ṣi fóònù rà, òógùn oṣù kan gbáko ló dà nù. Ìdí nìyí tó fi máa ń dùn mí bí mo bá rí ẹni tó fi ìṣẹ́jú márùn-ún yan ohun tí yóò lò fún ọdún mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ ká mú méjì tó jọra gidigidi: Samsung Galaxy A05 àti A05s, tí wọ́n jáde ní 2023. Àwọn la ó fi yẹ irọ́ ọjà wò.

Irọ́: "Ọ̀kan náà ni wọ́n. Lẹ́tà 's' yẹn nìkan ló yà wọ́n."

Òótọ́: Orúkọ ló jọra. Ojú àwọn méjèèjì tóbi tó ínǹṣì 6.7, ṣùgbọ́n 720 × 1600 ni ojú A05, 1080 × 2400 sì ni ti A05s. Àwọn àmì tíntìntín tó ń gbé àwòrán jáde lójú A05s ju ìlọ́po méjì ti A05 lọ. Ẹni tó ń ka Bíbélì tàbí Kùránì lórí fóònù yóò mọ̀ ọ́n lára lẹ́tà wẹ́wẹ́. Ọpọlọ wọn náà kì í ṣe ọ̀kan: Helio G85 ti MediaTek ló wà nínú A05, Snapdragon 680 ti Qualcomm ló wà nínú A05s.

Irọ́: "Bátìrì méjèèjì jẹ́ 5,000 mAh, wọn á pẹ́ bákan náà."

Òótọ́: Ẹ bu epo kan náà sínú jẹnẹrétọ̀ méjì, ọ̀kan lè kú kí èkejì ṣì máa ṣiṣẹ́. Ìlànà 12 nm ni wọ́n fi ṣe ọpọlọ A05, 6 nm ni ti A05s. Èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ wẹ́ jù kì í sábà mu iná púpọ̀. Ṣùgbọ́n ojú A05s náà ní ohun tó ń mu: àmì rẹ̀ pọ̀, ó sì lè sọ àwòrán dọ̀tun nígbà 90 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí ti A05 jẹ́ 60. Ara páálí kò lè sọ bí gbogbo èyí ṣe máa já sí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti lò ó fún oṣù mẹ́fà.

Irọ́: "Kámẹ́rà wọn jẹ́ 50MP, àwòrán kan náà ni wọ́n máa yà."

Òótọ́: Irú kámẹ́rà yìí sábà máa ń pa àmì mẹ́rin pọ̀ di ẹyọ kan kí àwòrán lè mọ́lẹ̀, ohun tó sì ń pa mọ́ kì í sábà ju nǹkan bí 12MP lọ. Ti iwájú tilẹ̀ yàtọ̀: 8MP lára A05, 13MP lára A05s. Ẹ má ṣe dán wọn wò lẹ́nu ọ̀nà níbi tí oòrùn ti ràn. Ẹ wọ kọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù, ẹ fi méjèèjì ya ojú ẹnì kan náà, kí ẹ wo èyí tí àwọ̀ ara jáde nínú rẹ̀ bó ṣe rí gan-an.

Irọ́: "8GB ni RAM rẹ̀."

Òótọ́: Irọ́ yìí ló ń bí mi nínú jù lọ. Ẹ ka páálí dáadáa, ẹ lè rí "4GB + 4GB". Ti àkọ́kọ́ ni RAM tòótọ́. Èkejì, inú àyè ìpamọ́ ni wọ́n ti yá a. RAM ni tábìlì tí ìyá ọlọ́jà pàtẹ sí. Àyè ìpamọ́ ni yàrá ẹ̀yìn. Ohun tó wà lórí tábìlì, ọwọ́ á tó o kíá. Ti yàrá ẹ̀yìn, àfi ká dìde. Àyè tí wọ́n sì yá yẹn, lára ibi tó yẹ kí àwòrán yín wà ni wọ́n ti mú un. Bí ẹ bá ń lo WhatsApp àti áàpù báńkì pọ̀, tí owó bá sì ká a, ẹ ra èyí tí RAM rẹ̀ jẹ́ 6GB gidi.

Irọ́: "Fóònù tí kò ní 5G ti di ti àtijọ́."

Òótọ́: A05 àti A05s kò ní 5G. MTN bẹ̀rẹ̀ 5G ní Nàìjíríà ní 2022, Airtel ní 2023, ṣùgbọ́n ibi tí kò tíì dé ṣì pọ̀. Bí kò bá sí ní àdúgbò yín, 4G náà ni fóònù olówó gọbọi yóò máa lò níbẹ̀.

Irọ́: "Ohun tí wọ́n kọ sára páálí ló wà nínú rẹ̀."

Òótọ́: Ẹ wo inú Settings, níbi About phone. Bí ẹ bá rí SM-A055, A05 ni. SM-A057 ni A05s. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ *#06#: nọ́ńbà onídíjíìtì 15 tó bá yọ gbọ́dọ̀ bá ti ara páálí mu.

Ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Ọlọ́jà yóò ta òmíràn kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ̀yin lẹ ó máa gbé èyí kiri. Ẹ ní kó tan méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí káńtà, kí ẹ fi ojú ara yín wò wọ́n kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.