Sísọ Àsọtẹ́lẹ̀ Ìwòsàn Èjìká Dídùn ní Ilé Ìwòsàn Alábọ́dé: Àgbéyẹ̀wò fún Agbègbè Mile 2

Ohun tí bébà yìí dá lé ni bí a ṣe lè mọ̀, ní ọjọ́ kìíní tí aláìsàn gbé èjìká dídùn wá sí ilé ìwòsàn alábọ́dé, bóyá yóò tètè sàn tàbí yóò pẹ́. Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti inú ìwé lásán. Ní Mile 2, níbi tí títì márosẹ̀ Badagry àti ti Apapa sí Oshodi ti pàdé, èjìká ni alábàárù fi ń jẹun. Bí a bá ní kí ó sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan, owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan ni a gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tọ́ kí ó mọ ohun tí yóò máa retí.

Nínú ìwádìí tí van der Windt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 1996, aláìsàn 349 ni wọ́n tọ ipa wọn ní ilẹ̀ Netherlands. Lẹ́yìn oṣù kan, 23 nínú 100 ni ara wọn ti yá pátápátá. Lẹ́yìn ọdún kan, wọ́n di 59. Ó tètè sàn fún àwọn tí wọ́n tètè wá, àti àwọn tí ìrora wọn tẹ̀lé iṣẹ́ àṣejù tàbí ìfarapa díẹ̀. Ó pẹ́ fún àwọn tí ọrùn ń dùn mọ́ èjìká, àti àwọn tí ìrora wọn le lójú ọ̀sán. Ní 2006, Kuijpers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ aláìsàn 587 wò ní ilẹ̀ kan náà. Àmì mẹ́ta ni ó hàn jù lọ lára àwọn tí kò tètè sàn fún: ìrora ti pẹ́ lára wọn, díẹ̀díẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀, ó sì le púpọ̀.

Ṣùgbọ́n àmì kì í ṣe okùnfà. A kò lè sọ pé títètè wá ni ó wo àwọn kan sàn. Ó dà bí ìgbà tí a ń jọ̀ èlùbọ́: èyí tí ó kúnná ti bọ́ sísàlẹ̀, èyí tí kò kúnná ni ó kù nínú asẹ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹni tí ó dé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Àwọn tí ìrora tiwọn lọ fúnra rẹ̀ ti padà sẹ́nu iṣẹ́.

Síwájú sí i, ní ilẹ̀ Netherlands, dókítà ìdílé ni aláìsàn sábà máa ń kọ́kọ́ lọ bá. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ó lè ti gba ọ̀dọ̀ oníkẹ́mísì àti ti eléegun kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà. Nítorí náà, bí ìrora ti pẹ́ tó lè máa sọ fún wa nípa àpò aláìsàn ju bí ó ti ń sọ nípa èjìká rẹ̀ lọ.

Ní ìparí, èrò wa ni pé kí a bi aláìsàn ní ìbéèrè márùn-ún lọ́jọ́ kìíní: Nígbà wo ni ó bẹ̀rẹ̀? Ṣé òjijì ni tàbí díẹ̀díẹ̀? Báwo ni ó ti le tó? Ṣé ọrùn ń dùn pẹ̀lú? Kí ni kò jẹ́ kí ẹ tètè wá? Etí àti gègé nìkan ni èyí ń fẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí a tọ ipa wọn fún ọdún kan, kí a lè mọ̀ bóyá òṣùwọ̀n tí wọ́n gé ní Netherlands bá èjìká tiwa mu.