Owó Kékeré Lórí Tábìlì Póòkà

Ẹni tó bá fi $50 bẹ̀rẹ̀ póòkà lórí íntánẹ́ẹ̀tì sábà máa ń rò pé owó náà kéré ju ohun tí èèyàn ń ṣètò lé lórí lọ. Á ní kí òun kúkú fi gbogbo rẹ̀ dán orí wò lẹ́ẹ̀kan: bó bá bọ́ sí i, ó bọ́ sí i nìyẹn, bí kò bá bọ́ sí i, $50 náà ló lọ. Èrò yìí ti sọ ọ̀pọ̀ ẹni tó mọ eré náà ṣe di aláìní lórí tábìlì. Bí owó bá ṣe kéré tó ni òfin tó ń dáàbò bò ó gbọ́dọ̀ ṣe le tó. Ẹ jẹ́ ká wo ìṣirò rẹ̀, nítorí òun ló dá mi lójú jù.

Póòkà yàtọ̀ sí Bàbá Ìjẹ̀bú àti tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Nínú àwọn yẹn, ilé tẹ́tẹ́ lèèyàn ń bá figẹ̀ wọngẹ̀, ilé sì ti ṣírò èrè tirẹ̀ kí nọ́ńbà tó jáde. Nínú póòkà, àwọn tó jókòó yí tábìlì ká ló ń gbowó lọ́wọ́ ara wọn. Ilé kàn ń bu tirẹ̀ nínú owó tó wà láàárín ni, bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ní àwọn tábìlì kékeré. Nítorí náà, ẹni tó bá gbọ́n ju àwọn tó bá a jókòó lọ lè máa jèrè fún ọdún pípẹ́. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n yẹn kì í hàn lójú ẹsẹ̀. Ká sọ pé ẹnì kan gba Ace méjì, tí kò sí ìbẹ̀rẹ̀ tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹnì kejì gba King méjì, àwọn méjèèjì sì ti gbogbo owó wọn sáàárín kí káàdì kankan tó ṣí. Ohun tó tọ́ gan-an ni ẹni tó ni Ace ṣe. Síbẹ̀, bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ nígbà márùn-ún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹ̀ẹ̀kan tí yóò pàdánù. King kan á yọjú sórí tábìlì, owó á sì kọjá sí òdìkejì. Bó bá jẹ́ pé gbogbo ohun tó ní ló wà níbẹ̀, ọgbọ́n rẹ̀ kò ní ibi tí yóò ti ṣiṣẹ́ mọ́.

Ìṣirò náà rèé. Ní ọ̀pọ̀ ilé póòkà orí íntánẹ́ẹ̀tì, tábìlì ìsàlẹ̀ ni èyí tí ẹni méjì ti ń fi sẹ́ǹtì kan àti sẹ́ǹtì méjì sílẹ̀ kí wọ́n tó pín káàdì. Owó ìjókòó tó pé níbẹ̀ jẹ́ $2, ìyẹn ìlọ́po 100 owó àfisílẹ̀ tó tóbi. Ẹ jẹ́ ká mú òṣèré gidi kan, tó ń jèrè ìlọ́po 5 owó àfisílẹ̀ tó tóbi yẹn nínú ìpín káàdì 100. Lẹ́yìn ìpín 10,000, ohun tó yẹ kó jèrè ni owó ìjókòó 5. Ṣùgbọ́n bí owó ṣe ń ròkè rodò nínú eré yìí tóbi ju èrè náà lọ fíìfíì: láàárín ìpín 10,000 yẹn, kò ṣòro kí ó fi nǹkan bí owó ìjókòó 9 lọ sókè tàbí wá sílẹ̀ ju ibi tó yẹ kó wà lọ. Èyí já sí pé nínú mẹ́wàá irú òṣèré gidi bẹ́ẹ̀, bíi mẹ́ta yóò ṣì wà nínú àdánù lẹ́yìn gbogbo iṣẹ́ yẹn. Wàyí o, kí òṣèré yìí gbé $50 rẹ̀ lọ sí tábìlì tí owó ìjókòó ibẹ̀ jẹ́ $10. Owó ìjókòó márùn-ún péré ló ní. Ká tilẹ̀ gbà pé ó mọ̀ ọ́n ṣe níbẹ̀ bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe nísàlẹ̀, ìṣirò fi hàn pé ó ju ìdajì lọ pé owó náà yóò tán pátá lọ́jọ́ kan. Kó gbé $50 kan náà lọ sí tábìlì $2, owó ìjókòó 25 ló ní, ewu náà kò sì tó ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún mọ́. Òṣèré kan náà ni, owó kan náà ni. Tábìlì tó yàn nìkan ló yí padà.

Ẹni tó fi èyí hàn ní gbangba ni Chris Ferguson, ọmọ Amẹ́ríkà tó jáwé olúborí nínú ìdíje ńlá àgbáyé, World Series of Poker, ní Las Vegas lọ́dún 2000. Ní 2006, ó pinnu láti bẹ̀rẹ̀ láti òdo lórí Full Tilt Poker, ilé póòkà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kó sì sọ ọ́ di $10,000 láìfi kọ́bọ̀ kan kún un látita. Ìdíje ọ̀fẹ́ ló fi bẹ̀rẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ fi ju ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ lọ jókòó sí tábìlì kan, kò sì gbọ́dọ̀ fi ju ìdá 2 lọ wọ ìdíje ńlá. Nísàlẹ̀ pátápátá nìkan ló ti fún ara rẹ̀ láyè, ó lè jókòó síbi tí kò ju $2.50 lọ, nítorí kò sí tábìlì tó kéré tó ìdá 5 dọ́là mélòó kan. Bí owó iwájú rẹ̀ bá sì ti ju ìdá 10 gbogbo ohun tó ní lọ, ó gbọ́dọ̀ dìde nígbà tó bá tún kàn án láti fi owó àfisílẹ̀ sílẹ̀. Òfin ìkẹyìn yìí ni mo gbóríyìn fún jù, nítorí ọjọ́ tí nǹkan ń ṣẹnuure gan-an ló ń mú èèyàn dìde. Ìwúlò òfin ìdá ni pé bí owó bá ti ń dínkù ni tábìlì náà ń dínkù, kò sì sídìí fún ìgbéraga láti bá a jiyàn. Ní 2007 ni Ferguson tó dé $10,000. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, àní fún ẹni tó ti borí lágbàáyé.

Àwọn kan á ní tábìlì kékeré kò ṣe é jẹ, pé gbogbo èèyàn níbẹ̀ ló ń fi káàdì burúkú tẹ̀ lé owó. Àwọn yẹn gan-an ló ń sanwó fún onísùúrù, ẹni tí kò bá sì rí tiwọn ṣe kò ní rí ti àwọn ògbóǹtarìgì ṣe. Àwọn mìíràn á rán wa létí Chris Moneymaker, oníṣirò-owó láti Tennessee, tó fi owó tí kò tó $100 wọ World Series of Poker láti orí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2003 tó sì gba $2.5 mílíọ̀nù. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn 839 ló wọ ìdíje náà lọ́dún yẹn, orúkọ ẹnì kan la sì ń pè. Èyí tó lágbára jù nínú àtakò ni pé eré náà falẹ̀ jù. Mo gbà. Ní tábìlì $2, òṣèré gidi tí mo sọ ń jèrè sẹ́ǹtì mẹ́wàá nínú ìpín 100, èyí tó lè ju wákàtí kan lọ lórí tábìlì kan. Kò sẹ́ni tó lè jẹun níbẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ni kí èèyàn kà á sí, kó sì mọ̀ pé àkókò lowó ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ẹni tó ní òun á kàn fi òmíràn kún un bí $50 bá tán ti ba ẹ̀kọ́ náà jẹ́: ìyá aláta tó ń fi owó oúnjẹ kún ojú-owó lójoojúmọ́ kò lè mọ̀ bóyá ọjà ń jèrè.

Òfin tó ń dáàbò bo owó yìí kì í gba ẹni tí kò mọ eré là o. John Kelly, tó ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìwádìí Bell Labs, fi hàn ní 1956 pé iye tó yẹ kéèyàn fi lélẹ̀ gbọ́dọ̀ bá àǹfààní tó ní mu. Ẹni tí kò ní àǹfààní kankan, òdo ni tirẹ̀. Ẹ kọ gbogbo èrè àti àdánù sílẹ̀. Bí ìwé bá fi hàn lẹ́yìn ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìpín pé ẹ ń pàdánù ṣáá, ẹ dáwọ́ dúró.

Ẹ má sì kó èrè pa mọ́ sílé póòkà. Nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ti àwọn ilé póòkà ńlá orí íntánẹ́ẹ̀tì pa mọ́ àwọn ará ìlú rẹ̀ ní April 15, 2011, Full Tilt kò rí owó àwọn oníbàárà rẹ̀ san, ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà sì dúró di 2014 kí wọ́n tó rí tiwọn gbà. Bó bá sì jẹ́ owó ilé-ìwé ọmọ tàbí owó ilé gbígbé lẹ fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kan tábìlì $2 pàápàá.