Yìnyín Lè Dì Níta, Kí Iṣẹ́ Ọwọ́ Má Dì Nílé

Ẹ̀yin ènìyàn wa ní Bowie, Laurel, Lanham, Hyattsville, Upper Marlboro àti káàkiri Prince George's County, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ nínú ilé: ẹ̀yin tí ẹ̀rọ ìránṣọ yín wà ní bésímẹ́ǹtì, ẹ̀yin tí ẹ ń wé gèlè sílẹ̀ fún títà, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìwé ìpè àti ìwé ètò ìgbéyàwó lórí kọ̀ǹpútà. Ojú ìwé ọrọ̀ ajé ti ọ̀tẹ̀ yìí, tiyín ni.

Láti oṣù kọkànlá ni a ti máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà. Orí kò gbé nǹkan tuntun wá mọ́. Oorun ń kun ènìyàn lọ́sàn-án gangan. Aṣọ tí à ń rán parí ní ọjọ́ méjì ń gba ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn kan ní ọ̀lẹ ló wọ àwọn lára, àwọn mìíràn sì ti ń wá ẹni tó ń ṣe wọ́n láti ilé. Kí a tó pe ẹnikẹ́ni ní àjẹ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ojú ọ̀run.

Ní àdúgbò wa níbí, ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù kejìlá, aago méje àárọ̀ á ti kọjá dáadáa kí oòrùn tó yọ, kò sì ní dúró de aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kó tó wọ̀. Ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ náà kò pé wákàtí mẹ́sàn-án àbọ̀. Ní Ìbàdàn, ọjọ́ tó kúrú jù lọ nínú ọdún ṣì ju wákàtí mọ́kànlá àbọ̀ lọ. Ara tí a fi oòrùn tọ́ dàgbà ni a kó wá síbí.

Ọmọ Áfíríkà kan ló tún bá wa ṣe àlàyé rẹ̀. Dókítà Norman Rosenthal, tí a bí ní South Africa, kó wá sí New York ní ọdún 1976, ó sì ṣàkíyèsí pé agbára òun ń dín kù nígbà òtútù, pé ó sì ń padà bọ̀ bí oòrùn bá ti padà. Lẹ́yìn náà ló ṣiṣẹ́ ní National Institute of Mental Health ní Bethesda, tí kò jìnnà sí wa lórí Beltway. Ní ọdún 1984, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí ìrẹ̀wẹ̀sì tó ń bá ìgbà òtútù wá, èyí tí wọ́n pè ní seasonal affective disorder. Wọ́n rí i pé ìmọ́lẹ̀ tó mọ́lẹ̀ gan-an ń ran àwọn aláìsàn náà lọ́wọ́. Títí di òní, àtùpà tó tó 10,000 lux, fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láàárọ̀, ni àwọn dókítà sábà máa ń júwe. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó rẹ̀ ló ní àìsàn o. Ṣùgbọ́n bí ìbànújẹ́ bá ń wọ ọ̀sẹ̀ kejì, tàbí tí ojú ń dùn yín, tàbí tí ẹ ń lo oògùn fún ọpọlọ, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà kí ẹ tó ra àtùpà kankan.

Ọ̀rọ̀ owó ni ọ̀rọ̀ yìí. Ní oṣù kejì ọdún 2010, yìnyín ńlá méjì tẹ̀lé ara wọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n sì ti àwọn ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ ní Washington fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ní oṣù kejìlá ọdún náà ni Ààrẹ Obama fọwọ́ sí òfin tó mú kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lè máa ṣiṣẹ́ láti ilé. Kòrónà ti gbogbo ènìyàn mọ́lé ní 2020. Ní oṣù kìn-ín-ní 2025, Ààrẹ Trump pàṣẹ kí wọ́n padà sí ọ́fíìsì, ọ̀pọ̀ sì pàdánù iṣẹ́ ìjọba lọ́dún yẹn. Fún ẹni tí owó ilé àti owó ilé ìwé ọmọ ti wá dá lórí iṣẹ́ ọwọ́, bí orí bá fi oṣù mẹ́ta dì, gbèsè ló ń jẹ́.

Ohun tí a máa kọ́kọ́ sọ ni pé kí ẹ gbé iṣẹ́ kúrò ní bésímẹ́ǹtì. Nígbà òtútù, apá gúúsù ni oòrùn máa ń gbà kọjá, nítorí náà fèrèsé tó kọjú sí gúúsù ni kí ẹ wá. Ẹni tó bá ti yan òwú aláwọ̀ aró lábẹ́ iná, tó wá rí i lójúmọmọ pé dúdú ni, yóò mọ ohun tí à ń wí. Láàárín aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán, ẹ gé aṣọ, ẹ ya àwòrán, ẹ dán ọ̀nà tuntun wò. Ìwé owó àti ìpè oníbàárà lè dúró di alẹ́. Àwa a máa ṣe òdìkejì: a ó fi ojúmọ́ dáhùn fóònù, a ó wá máa wá ọgbọ́n tuntun nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú.

Bí ẹ bá gbé ẹ̀rọ wá sí pálọ̀, ẹ pààlà sí ibẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀ lè yọ dọ́là márùn-ún lórí ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, títí dé 300, nínú owó tí yóò san orí lé, ṣùgbọ́n IRS ní iṣẹ́ nìkan ni kí a máa fi ibẹ̀ ṣe. Bí àwọn ọmọ bá ń jẹun níbẹ̀, ó ti bọ́. Ẹni tó ń gba owó oṣù lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kò sí nínú èyí.

Ohun kejì le ju ti ìmọ́lẹ̀ lọ. Inú ilé náà ni àwọn ìyá wa ti ń ṣe àdìrẹ ní Ìtòkù, l'Abẹ́òkúta, inú ilé náà sì ni wọ́n ti ń hun òfì n'Ísẹ́yìn. Ṣùgbọ́n agbo ilé ni. Ẹni ń kọjá á ní ẹ kú iṣẹ́, ojúgbà á bẹnu àtẹ́ lu àwọ̀ tí ẹ fẹ́ lò, ibẹ̀ ni ọgbọ́n míì ti ń yọ. Níbí, ilẹ̀kùn títì ni, ìgbóná ilé ń kùn, a kò rí ẹni bá jiyàn. Ó dára kí aránṣọ méjì ṣí fóònù sílẹ̀ kí wọ́n jọ máa rán tiwọn lọ. Ẹ lọ jókòó ní ilé ìkàwé ìjọba tó sún mọ́ yín, ọ̀fẹ́ ni, ó sì móoru. Ẹ rìn dé Gateway Arts District lójú Route 1, láti Mount Rainier dé Hyattsville, kí ẹ wo ohun tí àwọn oníṣọ̀nà ibẹ̀ ń ṣe.

Òde ò pọ̀ ní oṣù kìn-ín-ní àti oṣù kejì, àkókò àpẹẹrẹ nìyẹn. Buba mẹ́ta, gèlè márùn-ún tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí, ẹ ya fọ́tò wọn lójúmọmọ kí àwọn tó ń gbé ìyàwó ní oṣù karùn-ún tó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Ẹni tó bá fẹ́ gba àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sílé ní Sátidé kan kí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, kó sọ fún akọ̀wé ní ìpàdé tó ń bọ̀. Kí oníkálukú gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dání o, onílé kò ní ju ẹyọ kan lọ.